Ìyàwó Ṣọ́jà Tó Ń Kọ́ Ọmọ Nílé ní Ilé-Ifẹ̀: Àwọn Ìbéèrè Tí Wọn Kì Í Yé Bi Mí

Ọmọ mẹ́ta ni mo ń kọ́ nílé, ọkọ mi sì jẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni ará àdúgbò, ará ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn ìyàwó ṣọ́jà ẹlẹgbẹ́ mi ń bi mí ṣáá. Mo kó ìdáhùn wọn jọ síbí kí ẹnu mi lè sinmi díẹ̀.

Kí lẹ̀ ń ṣe gan-an? Ṣé lẹ́sìn ni?

Rárá o. Lẹ́sìn ni èyí tí ọmọ ń lọ nígbà tó bá ti iléèwé dé. Àwọn ọmọ tèmi kì í lọ iléèwé kankan láàárọ̀. Èmi ni tíṣà wọn, ìdí tábìlì oúnjẹ wa sì ni kíláàsì. Ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá, sáyẹ́ǹsì, ìtàn, ẹ̀kọ́ Bíbélì, gbogbo rẹ̀ là ń ṣe nílé.

Èyí tí agbára mi kò bá ká, mo ń wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ju mí lọ. Ilé-Ifẹ̀ là ń gbé, ọmọ yunifásítì kò wọ́n wa. Ọ̀kan nínú wọn ń wá bá àkọ́bí mi ṣe ìṣirò lọ́jọ́ Sátidé.

Kí ló dé tí ẹ ò kúkú fi wọ́n síléèwé bí ọmọ gbogbo ayé?

Iṣẹ́ bàbá wọn ló fà á. Bárékè Odogbo ní Ìbàdàn ni àkọ́bí wa ti bẹ̀rẹ̀ iléèwé. Kí ọdún tó yí po, wọ́n ti gbé bàbá wọn lọ sí bárékè Sobi ní Ìlọrin, láàárín sáà ẹ̀kọ́. Ìwé yàtọ̀, tíṣà yàtọ̀, ibi tí wọ́n bá iṣẹ́ dé yàtọ̀. Ẹ̀kọ́ ìdá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n ti parí rẹ̀ ní Ìlọrin kí a tó dé. Ọmọ náà kò ya òpè, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òpè lòun.

Nígbà tí wọ́n wá ní kí bàbá wọn máa lọ sí ìhà Máídúgùrì, ibi tí ìyàwó àti ọmọ kì í báni lọ, mo kó wa padà sí ilé àwọn òbí mi ní Mọ̀ọ̀rè, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Mo ní bí ìlú kò bá ní yé yí padà lábẹ́ wa, ó kéré tán kí ìwé àti tíṣà má yí padà.

Ṣé ìjọba gbà yín láyè?

Òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó jẹ́ dandan, ti ọdún 2004 ló kan ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní dandan ni kí òbí rí i pé ọmọ òun ka ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré, ọdún mẹ́sàn-án gbáko, kí ó sì parí rẹ̀. Ìjìyà wà fún ẹni tó bá kọ̀: ìbáwí ni ti ìgbà àkọ́kọ́, bó bá di ìgbà kejì, ìtanràn 2,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì pọ̀.

Lójú tèmi, ọmọ tí wọ́n gbé ọjà lé lórí lágogo mẹ́wàá àárọ̀ ni òfin yẹn ń gbèjà rẹ̀. Síbẹ̀, mi ò fi ẹnu lásán dúró. Gbogbo ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ ló ní déètì, mo sì ń tọ́jú ìdánwò ìparí sáà kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì. Ẹnikẹ́ni tó bá bi mí ní ìbéèrè pẹ̀lú àṣẹ, fáìlì ni mo máa gbé síwájú rẹ̀.

Báwo ni ọjọ́ yín ṣe ń lọ?

A máa ń tètè bẹ̀rẹ̀, nítorí lẹ́yìn agogo méjìlá, páànù ilé yìí kì í jẹ́ kí ọpọlọ ọmọdé ṣiṣẹ́. Bí a bá ti gbàdúrà, tí wọ́n gbálẹ̀, tí wọ́n fa omi nínú kànga ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n sì ti mu ẹ̀kọ gbígbóná pẹ̀lú àkàrà, ìṣirò ló ń ṣáájú. Ara ilẹ̀kùn kíṣìnnì ni bọ́ọ̀dù wa. Mo kùn ún ní dúdú, ṣọ́ọ̀kì ni mo fi ń kọ̀wé sí i. Ọbẹ̀ ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń ka ìsọdipúpọ̀ lẹ́yìn mi. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ilẹ̀kùn wọlé, ìṣirò ti sá wọ ẹ̀yìn ògiri nìyẹn, gbogbo wọn á sì pariwo.

Nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n bá ń ṣe iṣẹ́ tiwọn, àbíkẹ́yìn ń ka ẹ̀wà tútù nínú abọ́ ike: ení, èjì, ẹ̀ta. Èyí tí kòkòrò ti jẹ, ó ń ṣà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èmi kọ́ ọ ní kíkà, ó bá mi ṣa ẹ̀wà, a ò jẹ ara wa ní gbèsè.

Wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ni ti inú ìwé. Àwọn kan ní ó kéré. Ẹ rántí pé ọmọ mẹ́ta péré ló wà níwájú mi, kò sí pé à ń tò lórí ìlà, kò sí pé à ń pe orúkọ, kò sí pé à ń dúró de ogójì ọmọ kí wọ́n parí àdàkọ. Ọ̀sán ni ti iṣẹ́ ilé, ìwé kíkà fún ìgbádùn, àti eré. Iná NẸ́PÀ kò ní àkókò, nítorí náà mi ò fi ohunkóhun tó gba iná sínú ètò. Bó bá dé, a ó wo fídíò sáyẹ́ǹsì lórí fóònù. Bí kò bá dé, a ò pàdánù nǹkan.

Ìwé wo lẹ ń lò?

Ìlànà ẹ̀kọ́ tí NERDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ìlànà ẹ̀kọ́, ṣe, tí àwọn iléèwé náà ń tẹ̀ lé, lèmi náà ń tẹ̀ lé. Ẹ má ṣe kó ti Amẹ́ríkà wá torí pé ó rẹwà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ tó bá máa jókòó ṣe ìdánwò WAEC lọ́la, ohun tí WAEC máa bi í ni kí ẹ fi kọ́ ọ. Ìwé àlòkù pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà; ẹ kàn ṣí i wò dáadáa kí ẹ tó sanwó, kí ó má lọ jẹ́ pé ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ ti kọ ìdáhùn sí gbogbo rẹ̀.

Ṣé Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi ń kọ́ wọn ni àbí Yorùbá?

Yorùbá ni mo fi ń ṣàlàyé, pàápàá ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún àwọn kékeré. Mò ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ tó dá dúró, lójoojúmọ́, láìjáfara. Àwọn tó ń sọ pé mò ń ba ọmọ jẹ́ pọ̀, èyí tó sì ń yà mí lẹ́nu ni pé Ifẹ̀ níbí ni wọ́n ti ń sọ ọ́.

Ní ọdún 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì kò yọ sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ní tíṣà tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí wọ́n ń kọ́ wọn bí èdè kejì. Wọ́n wá fi wọ́n wé àwọn tó fi Yorùbá ṣe ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ kí wọ́n tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó fi Yorùbá kàwé dé kíláàsì kẹfà kò rẹ̀yìn níbì kankan. Wọ́n tilẹ̀ ta àwọn yòókù yọ, àti nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Fáfúnwá kan náà ló wá di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ lẹ́yìn náà.

Nítorí náà, nígbà tí ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì bi mí bóyá ojú kò tì mí pé ọmọ mi ń sọ pé "ìdá mẹ́rin" dípò Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, mo bi wọ́n pé kí ni ìdá mẹ́rin nínú ogún. Ọmọ mi ló dáhùn.

Kí ni Ilé-Ifẹ̀ ní tó fi dára fún irú ẹ̀kọ́ yìí?

Ẹsẹ̀ lásán lẹ lè fi rìn dé ibi tí ọmọ ìlú mìíràn ń kà nínú ìwé. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà ní Ẹnuwá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ohun abẹ̀mí tún wà nínú ọgbà OAU, Yunifásítì Ifẹ̀ yẹn náà. Agboolé Wúnmọníjẹ̀ ni wọ́n ti ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní 1938 tí wọ́n fi kan àwọn orí idẹ inú ilẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún àwọn ọmọ pé ọ̀kan nínú wọn wà ní London, ní British Museum, ọ̀rọ̀ ìtàn di ẹjọ́. "Ta ló fún wọn?" Èmi náà kò rí èsì tó kúrú fún wọn.

Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ni mo fẹ́ràn jù. A gbé igi oníwọ̀n mítà kan lọ lówùúrọ̀, nígbà tí òjìji ṣì gùn. A gbé igi náà dúró, a wọn òjìji rẹ̀, a sì wọn òjìji Ọ̀pá náà. Àkọ́bí jókòó sílẹ̀ gbalaja, ó pín, ó sọ di púpọ̀, ìdáhùn rẹ̀ sì súnmọ́ ẹsẹ̀ bàtà 18 tí wọ́n máa ń sọ pé ó ga. Àbúrò rẹ̀ ní ó kù díẹ̀ kó pé torí pé orí rẹ̀ ti ṣẹ́. Ẹni tó ń mú àlejò yípo níbẹ̀ dúró wò wá títí a fi ṣe tán.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Iléṣà, ẹ má jowú: omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà kò jìnnà sí yín.

Àwọn ọmọ ò ní máa dá nìkan wà?

Nínú agboolé ní Mọ̀ọ̀rè? Ìṣòro mi ni bí mo ṣe máa rí àyè tí ẹnikẹ́ni kò ní dá wọn lóhùn láti ojú fèrèsé. Lágogo méjì, tí àwọn ọmọ àdúgbò bá ti iléèwé dé, bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdánwò ńkọ́?

Ibí yìí ni kí ẹ fara balẹ̀ kà. Common Entrance tí NECO ń ṣe fún iléèwé ìjọba àpapọ̀ rọrùn, òbí lè forúkọ ọmọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibi tó ti ń le ni ìdánwò ìparí girama kékeré, nítorí iléèwé ló ń forúkọ ọmọ sílẹ̀, tó sì ń fi máàkì ọdún mẹ́ta ránṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ètò tèmi fi jẹ́ pé kí wọ́n wọ iléèwé ní JSS1. Mo ń kọ́ wọn nílé títí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi parí, èyí ni ọdún tí ìṣílọ ń dà wọ́n láàmú jù.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ nílé dé òpin, WAEC ń ṣe ìdánwò fún àwọn tí kò sí níléèwé, èyí tí gbogbo wa ń pè ní GCE. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni, láti 2024 ni wọ́n sì ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe é. NECO náà ní tirẹ̀ ní ìparí ọdún. Ìṣòro ni kẹ́mísìrì àti físíìsì, nítorí kò sí bí ẹ ṣe lè kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò lórí sítóòfù kẹrosíìnì. Ẹ tètè bá iléèwé kan sọ̀rọ̀ kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ yín máa wá lo tiwọn.

Ọmọkùnrin mi ti pinnu ní tirẹ̀ pé Nigerian Military School ní Zaria lòun ń lọ, èyí tó ti wà láti 1954. Bàbá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ta ló ń gbọ́ bùkátà?

Owó oṣù ṣọ́jà, àti mọ́ínmọ́ín tí mò ń sè fún àwọn ilé-ìtajà méjì ní Lágere. Owó iléèwé tí a kò san ni a fi ń ra ìwé àti dátà. Ẹ má retí kí ohunkóhun ṣẹ́kù.

Kí ni àwọn àna yín sọ?

Iléṣà ni ìyá ọkọ mi ń gbé. Màmá kò pa á mọ́ sínú: wọ́n ní mo jókòó tẹ́tẹrẹ́ sílé, mò ń jẹ owó ọmọ àwọn, mo sì sọ ọmọ-ọmọ àwọn di aláìríléèwé-lọ. Mi ò bá wọn jiyàn. Ìyàwó tó bá ń bá ìyá ọkọ rẹ̀ jiyàn lórí fóònù nígbà tí ọkọ wà lójú ogun, ọkọ ló ń dá ọgbẹ́ sí lára.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo kó àwọn ọmọ lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ wọn. Màmá ń ta aṣọ ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà, wọ́n ń tà á láwìn, ìwé gbèsè wọn sì rí játijàti. Àkọ́bí mi gba ìwé náà, ó la ìlà, ó to orúkọ, ó ro ohun tí kálukú ti san àti èyí tó kù. Ó rí obìnrin kan tó ti ń sọ láti ọdún tó kọjá pé òun kò jẹ mọ́, tó sì jẹ́ pé owó ìró kan ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìjẹ̀ṣà ni màmá, ọmọ òṣómàáló tí kì í fi owó àwìn sílẹ̀, ẹ mọ bí ọjọ́ yẹn ṣe rí. Láti ìgbà náà, àwọn gan-an ló ń sọ fún ará ọjà pé ìyàwó ọmọ àwọn ní iléèwé nílé.

Báwo ni bàbá wọn ṣe ń kópa láti ọ̀nà jíjìn?

Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà ni. Àwọn ló ń pè wá, àwa kì í pè wọ́n. Àwọn ọmọ mọ̀ pé a kì í béèrè ibi tí wọ́n wà tàbí ibi tí wọ́n ń lọ lórí fóònù, a kì í sì í gbé fọ́tò wọn nínú aṣọ iṣẹ́ sórí Facebook.

Iṣẹ́ tiwọn ni díkítéṣọ̀n. Wọ́n á ka ọ̀rọ̀ sínú fóònù, wọ́n á fi ohùn náà ránṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá rí ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Àwọn ọmọ á jókòó yí fóònù ká, wọ́n á kọ ọ́, màá ya fọ́tò ìwé wọn, màá fi ránṣẹ́. Máàkì lè má dé fún ọ̀sẹ̀ kan. Afẹ́fẹ́ máa ń fẹ́ gan-an nínú ohùn yẹn, a sì lè má gbọ́ ọ̀rọ̀ kan dáadáa. Ohun tí ẹni kọ̀ọ̀kan bá gbọ́ ló máa kọ, bàbá wọn á sì gba gbogbo rẹ̀.

Kí lẹ̀ ń sọ fún wọn nípa ewu iṣẹ́ náà?

Òótọ́, ní ìwọ̀n ọjọ́ orí. Àbíkẹ́yìn mọ̀ pé bàbá òun wà níbi iṣẹ́. Àkọ́bí mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Mi ò sọ fún ọmọ kankan rí pé "kò lè sí nǹkan kan", nítorí èmi kọ́ ni Ọlọ́run. Mo ń sọ pé bàbá yín mọ iṣẹ́ wọn, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wà pẹ̀lú wọn, a sì ń gbàdúrà.

Ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun tó ti kú, ni a fi ń ṣe ẹ̀kọ́ ìtàn. Ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ni Nàìjíríà ń ṣe é tẹ́lẹ̀ bíi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n tó mú un wá sí ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí ní 1970. Àwọn opó ń fi òdòdó lélẹ̀, wọ́n ń tú ẹyẹlé sílẹ̀. Àkọ́bí béèrè ẹni tí àwọn obìnrin aláṣọ dúdú yẹn jẹ́. Mo sọ fún un. Ó dákẹ́, ó ní kí ló dé tí ẹyẹlé kan kò fẹ́ fò. A sọ̀rọ̀ ẹyẹlé títí ilẹ̀ fi ṣú, mo sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Rédíò wa kì í sọ̀rọ̀ lásìkò ìròyìn nígbà tí bàbá wọn bá wà lójú iṣẹ́. Èmi nìkan ni mò ń gbọ́ ọ, ní kíṣìnnì, ní ohùn jẹ́jẹ́.

Bí bàbá wọn bá wá gba páàsì wálé, ṣé ó ń rọrùn?

Ó ń dùn. Rírọrùn kọ́. Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, mi ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni bàbá á bẹ̀rẹ̀ sí í jí wọn lágogo márùn-ún, wọ́n á tò lórí ìlà bíi rìkúrúùtù, bàbá á máa wo bí wọ́n ṣe tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ńlá ń gbádùn rẹ̀. Àbíkẹ́yìn, lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé, sá sẹ́yìn mi, ó sì ń pè wọ́n ní "Bọ̀dá". Ojú bàbá ọmọ yí padà. Mi ò fi tipátipá tì í sí wọn lọ́rùn. Èmi fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú abọ́ ẹ̀wà yẹn kí wọ́n jọ ṣà á, mo bá tèmi lọ.

Ohun tó ń gbà wá lọ́wọ́ ìjà ni pé bàbá ní iṣẹ́ tirẹ̀ tí n kì í dá sí: máàpù, èdè Haúsá, àti kẹ̀kẹ́ gígùn. Tábìlì àárọ̀ jẹ́ tèmi. Bí wọ́n bá sì padà, ètò àárọ̀ kò tíì bàjẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe máa kó ẹ̀sùn ọmọ pamọ́ de bàbá. "Jẹ́ kí bàbá ẹ dé" ń sọ ẹni tí ọmọ ń retí di ẹni tí ọmọ ń sá fún. Ọmọ tó bá ṣẹ̀ lónìí, ẹ bá a wí lónìí.

Bí wọ́n bá tún gbé bàbá wọn lọ síbi tí ìdílé lè bá wọn lọ?

A ó lọ. Ìwé àti fáìlì wa wọ inú àpótí kan. Iléèwé ológun sábà máa ń wà nínú bárékè ńlá, ó dára láti lọ wò ó. Bí ẹ bá dé bárékè tuntun, ẹ kọ́kọ́ lọ kí Magajíyà, olórí àwọn ìyàwó ṣọ́jà. Àwọn ló mọ ilé tí omi ń yọ, àti ìyàwó tó ti jẹ́ tíṣà tẹ́lẹ̀.

Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ọkọ ńkọ́?

Àwọn ìyàwó ṣọ́jà nìkan ló ń bi mí léyìí, wọ́n á sì kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò. Ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Orúkọ ẹni tí ọkọ yín kọ sílẹ̀ bí àrólé rẹ̀ (next of kin) lọ́dọ̀ àwọn ológun ni wọ́n máa pè, orúkọ yẹn náà sì ni Military Pensions Board, àjọ owó ìfẹ̀yìntì àwọn ológun, máa wò. Ọ̀pọ̀ ṣọ́jà ló kọ orúkọ bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n wọn nígbà tí wọn kò tíì gbéyàwó, tí wọn kò sì yí i padà mọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọkọ yín, nígbà tí inú wọn bá dùn, láìfi ẹkún sí i.

Ẹ kó ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìbí ọmọ láti ọ̀dọ̀ àjọ National Population Commission, àti NIN gbogbo yín síbì kan, kí ẹ sì fi ẹ̀dà wọn pamọ́ sọ́dọ̀ ẹni tí ẹ fọkàn tán. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ. Bí ọmọ bá jẹ́ Olúwadámilọ́lá nínú ìwé kan tó wá jẹ́ Dámilọ́lá nínú èkejì, ẹ lọ tún un ṣe nísinsìnyí tí bàbá rẹ̀ wà láyè láti fọwọ́ sí i.